Ògbufọ̀ Tó Sọ Ọ̀rọ̀ Ara Rẹ̀: Ìgbésí Ayé Màmá Fọlákẹ́mi Ọlábísí Adélaní (1951–2025)

Ní agbo ilé Kìtán, ní ìlú Oǹdó, ni a ti bí ìyá wa, Màmá Fọlákẹ́mi Ọlábísí Adélaní, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 1951. Bàbá wọn ni Olóyè Akínkúnmi Kìtán, ayẹ̀kòkówò, tí àwọn àgbẹ̀ máa ń sọ pé bó bá ti mi hóró kòkó lọ́wọ́ báyìí, ìró rẹ̀ ni yóò fi mọ̀ bóyá ó gbẹ. Ìyá wọn ni Oríọlá, ọmọ bíbí Ìjọmù ní Àkúrẹ́. Bàbá ń sọ Oǹdó, ìyá ń sọ Àkúrẹ́, kò sì sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì. Ìyá bàbá wọn kì í gbọ́ ìdajì ohun tí aya ọmọ rẹ̀ ń wí, nítorí náà Fọlákẹ́mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló máa ń dúró láàárín wọn. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe le tó ni yóò ṣe gbé e lọ. Ìjà méjì ló ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ṣẹlẹ̀ kí wọ́n tó gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Oǹdó ni Màmá ti ka ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti ti girama. Ní ọdún 1971 wọ́n wọ Yunifásítì Ìbàdàn láti kọ́ èdè Faransé, ohun tí Olóyè Kìtán kò fẹ́ràn rárá, nítorí dókítà ni ó fẹ́ kí ọmọ òun jẹ́. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà lọ sí Àjàṣẹ́, ní orílẹ̀-èdè tí a ń pè ní Dàhòmì nígbà náà, kí wọ́n lè gbé láàárín àwọn tó ń sọ Faransé. Ilé obìnrin aránṣọ kan ni Màmá wọ̀ sí. Láti Ìbàdàn ni wọ́n ti ń há gbólóhùn Faransé tí wọn yóò fi tọrọ omi sórí. Wọ́n sọ ọ́ dáadáa, wọ́n sì dúró kí ìyá náà gbóríyìn fún wọn. Ìyá náà kò gbé ojú kúrò lára ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó fi Yorùbá dáhùn pé, "Àbí omi lò ń wá? Ó wà nínú ìkòkò lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ta ló bí ọ?" Màmá máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn bí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí. Ṣùgbọ́n wọ́n tún máa ń sọ pé ọjọ́ yẹn ni àwọn mọ̀ pé ìlà tí àwọn òyìnbó fà sórí ìwé kò dé inú ilé ẹnikẹ́ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣe àgùnbánirọ̀ tán ní ọdún 1975, wọ́n wọ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní Èkó gẹ́gẹ́ bí ògbufọ̀, ní ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àárín àwa àti àwọn orílẹ̀-èdè tó yí wa ká. Ní ọdún 1977 wọ́n ṣe ìgbéyàwó pẹ̀lú Ẹnjiníà Olúgbémiga Adélaní ti Àkúrẹ́, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ omi. Bàbá wa kò lè fi Àkúrẹ́ sílẹ̀, Màmá kò sì lè fi iṣẹ́ wọn sílẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì fi ẹnu kò lé lórí ya àwọn ará ilé lẹ́nu: Bàbá ló gbélé, Màmá ló ń lọ sí ìdálẹ̀. Wọ́n sọ ọ̀rọ̀ sí Bàbá gidigidi. Bàbá kọ́ bí a ṣe ń dirun ọmọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé sùkú nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n dì, tí kì í sì í gún régé. Kútọnu ni Màmá wà ní ọdún 1982 nígbà tí wọ́n bí àbíkẹ́yìn. Màmá sọ ọ́ ní Tòkunbọ̀. Bàbá ní kò sí òkun láàárín Àkúrẹ́ àti Kútọnu, báwo ni ọmọ ṣe ti òkun bọ̀? Màmá ní, "Láti yàrá tí mo ti bí i, mò ń gbọ́ ìró òkun." Orúkọ náà dúró.

Ní ọdún 1988, Màmá wà ní ìpàdé kan ní Lóòmè nígbà tí ìyá wọn, Oríọlá, papò dà ní Àkúrẹ́. Ẹ̀rọ tẹlifóònù kò gbé ọ̀rọ̀ dé. Ọjọ́ kẹta tí wọ́n ti sin ìyá náà ni Màmá dé ẹnu ọ̀nà Ìjọmù, pẹ̀lú bàtà méjì tí wọ́n rà fún un. A kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ náà, àfi pé wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ bàtà náà.

A fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wá bá wa kẹ́dùn mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2006, nítorí oríṣiríṣi ọ̀nà ni wọ́n ti gbà ròyìn rẹ̀. Orílẹ̀-èdè olómìnira Bẹ̀nẹ̀ (Dàhòmì àtijọ́), aládùúgbò wa, fẹ́ kí àwọn agbaṣẹ́ṣe láti ilẹ̀ òkèèrè, láti ọ̀kan nínú àwọn orílẹ̀-èdè alágbára tó ń gòkè bọ̀, la títì tuntun gba ẹ̀gbẹ́ ààlà ní apá Kétu. Títì náà yóò gé ọ̀nà ẹsẹ̀ àtayébáyé kan tí àwọn ará Kétu fi ń wá sí Ìmẹ̀kọ, lọ́dọ̀ àwọn ìbátan wọn tó wà níhà tiwa. Bí ẹni tó wà níhà ọ̀hún bá kú, ọ̀nà yìí ni àwọn ará ìhín fi ń lọ sìnkú. Ìjọba wa náà bínú sí títì yẹn nítorí ọjà tí yóò máa gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì ní àwọn yóò ti ibodè pátápátá. Wọ́n pe ìpàdé sí ìlú kékeré kan lẹ́bàá ààlà. Màmá ni ògbufọ̀.

Ẹni tó ṣáájú àwọn ará ọ̀hún ni Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà, ọmọ Kétu, ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ní Faransé ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sára páálí iwájú rẹ̀, lẹ́tà náà sì pọ̀ débi pé kò sí ẹnìkan níhà tiwa tó mọ̀ pé orúkọ Yorùbá ni, àfi Màmá. Ẹni tó ṣáájú ikọ̀ tiwa, tí a kò ní dárúkọ, fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ pé bí a bá ti ilẹ̀kùn wa, ebi ni yóò kọ́ wọn lọ́gbọ́n. Màmá túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe rí. Iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà fi Faransé dáhùn pé òun kò mọ ẹ̀gbọ́n tó ń fi ebi dẹ́rù ba àbúrò. Màmá túmọ̀ ìyẹn náà. Ìgbà náà ni ọ̀gá tiwa yí sí ẹni tó jókòó tì í, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá pé, "Ìlú tí kò tó ìjọba ìbílẹ̀ kan! Ta ni wọ́n?"

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà pa fáìlì rẹ̀ dé, ó sì dìde. Àwọn tó bá a wá dìde pẹ̀lú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé púpọ̀ nínú wọn kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n bá jáde, ibodè yóò tì, wọn yóò sì gé ọ̀nà náà.

Màmá fi kálámù lélẹ̀. Wọ́n rìn yí tábìlì ká, wọ́n kúnlẹ̀ níwájú bàbá náà, wọ́n sì sọ̀rọ̀ ní Yorùbá. Akọ̀wé kan tó wà níbẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúfẹ́mi, ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, òun ló sì fi lé wa lọ́wọ́ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn:

"Ẹ jókòó, bàbá. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún mi ni kí n máa gbé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹyọ kan tó jẹ́ tèmi, kí wọ́n wá lé mi lọ. Ẹ ti gbọ́ ohun tí ẹ gbọ́, n kò lè sọ pé ẹ kò gbọ́ ọ. Ẹni tó bá fẹ́ la títì fún yín, ẹ jẹ́ kó là á, títì dára. Ṣùgbọ́n ìyá mi kú, n kò bá wọn sin ín, nítorí mo jókòó sí irú ìpàdé báyìí. Ẹ má gé ọ̀nà tí àwọn ọmọ ń gbà lọ sin ìyá wọn. Ẹ̀yin náà, sà," ni wọ́n wí bí wọ́n ṣe yíjú sí ọ̀gá tiwa, "ẹ má tì í."

Wọ́n dìde, wọ́n padà sí àyè wọn, wọ́n sì túmọ̀ gbogbo ohun tí wọ́n sọ sí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì, láìyọ ọ̀rọ̀ kan, kí àwọn tí kò gbọ́ Yorùbá má baà rò pé àwọn ń gbìmọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà jókòó. Ó sọ̀rọ̀ ní Yorùbá Kétu. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bá wa tan. Àwọn àlejò ló ń bá wa la títì. Bí mo bá lé àlejò, ta ni yóò la títì fún mi? Bí mo bá kọ ìbátan, ta ni yóò sin mí? Ojoojúmọ́ ni ẹ ń ní kí a mú ọ̀kan. A ò lè mú ọ̀kan. Ìlú wa kéré, àwọn méjèèjì la fi ń gbé." Màmá túmọ̀ ìyẹn náà.

Ọjọ́ méjì sí i ni wọ́n fi jókòó. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé wọn yóò la títì náà, wọn yóò sì fi ihò ńlá kan sí abẹ́ rẹ̀ kí ọ̀nà ẹsẹ̀ gba ibẹ̀. Ẹni tó ń lọ sìnkú kò ní nílò ìwé àṣẹ kankan.

Nígbà tí wọ́n padà sí Àbújá, Màmá fi ọwọ́ ara wọn kọ̀wé fẹ̀sùn kan ara wọn kí ẹnikẹ́ni tó fẹ̀sùn kàn wọ́n. Wọ́n mú wọn kúrò lórí iṣẹ́ ògbufọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa tọ́jú àwọn ìwé àtijọ́. Ìgbéga tó kàn wọ́n kọjá lọ sí orí ẹlòmíràn. Inú bí àwa ọmọ. Màmá ní kí a má bínú. "Ògbufọ̀ tó bá ń dá sí ọ̀rọ̀, ta ni yóò tún gbọ́kàn lé e? Mo ṣẹ̀. Bí wọ́n bá tún gbé mi débẹ̀, n óò tún ṣe é." Yàrá ìwé náà ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2010, tí wọ́n sì padà wá sí Àkúrẹ́ láti bá Bàbá gbé, ogún ọdún ó lé díẹ̀ lẹ́yìn tí Bàbá ti kọ́kọ́ kun yàrá kan nílé ní ọ̀dà dè wọ́n.

Ọdún mẹ́rin péré ni wọ́n jọ lò. Nígbà tí Bàbá sùn nínú Olúwa ní ọdún 2014, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà wá láti Kétu, ọjọ́ méjì lójú ọ̀nà, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin. Ó jókòó ti Màmá láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. A kò gbọ́ kí wọ́n sọ Faransé kan.

Ìyẹn ló fà á tí ọdún 2019 fi dun Màmá. Ìjọba wa ti gbogbo ibodè orí ilẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Adéṣínà sì kú ní oṣù kọkànlá. Màmá, ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, ní kí Ayọ̀kúnlé, ọ̀kan nínú àwa ọmọ, gbé àwọn lọ sí Kétu. Ní ibodè Ìmẹ̀kọ, aṣọ́bodè kan dá wọn dúró. Màmá ṣàlàyé àdéhùn ọdún 2006 fún un. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀, ó sì ní, "Màmá, mo gbà yín gbọ́. Ṣùgbọ́n àṣẹ tó wà lọ́wọ́ mi ju ìyẹn lọ." Màmá kò bá a jà. Wọ́n ní ó ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Aṣọ́bodè náà gbé àga tirẹ̀ fún wọn, ó sì jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi òpó ààlà. Àwọn ọmọ Adéṣínà wá dúró ní ìhà kejì, wọ́n gbé àwòrán bàbá wọn dání. Fún nǹkan bíi wákàtí kan, wọ́n jọ sunkún, wọ́n jọ rántí bàbá náà, Màmá sì súre fún wọn. Ayọ̀kúnlé sọ pé nígbà tí àwọn ń padà bọ̀, bí àwọn ṣe dé Oǹdó ni Màmá sọ pé, "Wọ́n á ṣí i. Ṣùgbọ́n mi ò sin ín."

Ẹ má rò pé ìbànújẹ́ ni wọ́n fi lo ìyókù ayé wọn. Ní gbọ̀ngán ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n ń lọ ní Àkúrẹ́, wọ́n ń kọ́ àwọn oníṣòwò Ọjà Ọba tó ń lọ ra aṣọ ní Kútọnu ní Faransé lọ́fẹ̀ẹ́ ní gbogbo ọ̀sán Sátidé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni ìkíni. Ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n kí, Màmá kì í kọ́ ọ ní "èló ni". Ìyáàfin Títílayọ̀, tó ń ta léèsì, sọ pé nítorí ìkíni yẹn ni oníbàárà òun kan ní Kútọnu ṣe sọ ọmọ rẹ̀ ní orúkọ òun. A kò ní parọ́: Màmá le. Wọ́n máa ń tún èdè àlùfáà ṣe lẹ́yìn ìwàásù. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, yóò bá ilẹ̀kùn ní títì. Wọn kò sì mọ ọbẹ̀ sè, Bàbá ló ń sè é.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yìí ni àárẹ̀ mú wọn. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún 2025, Ìrètíolúwa, ọmọ wọn, ń ka Sáàmù fún wọn nílé, wọ́n tún ọ̀rọ̀ kan tó ṣì kà ṣe, wọ́n sì sùn. Wọn kò jí mọ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni àwọn ọmọ mẹ́ta: Ayọ̀kúnlé, Ìrètíolúwa àti Tòkunbọ̀, àwọn aya ọmọ àti ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ méje, tí Oríọlá kékeré ṣáájú wọn, àbúrò ọkùnrin kan, Olóyè Adépọ̀jù Kìtán ní Oǹdó, àti ìdílé Adéṣínà ní Kétu, tí ọkọ̀ wọn ti wà ní àgbàlá wa láti àná, gbogbo wọn ló sì wá.

Fọlákẹ́mi, ọmọ Kìtán, aya Adélaní, ẹ ṣeun tí ẹ bí wa, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́ wa ní òtítọ́. Ilẹ̀ Àkúrẹ́ yóò rọ̀ yín lọ́rùn. Ẹ bá wa kí Bàbá. Ẹ sùn re, ìyá wa, ẹ sùn re o.