Pámánẹ́ǹtì

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ọ̀gá mi ní báǹkì ní mo ti di òṣìṣẹ́ pámánẹ́ǹtì. Mo ra kelewele, dòdò aláta yẹn, wálé fún Ìyá Àgbà. Wọn ò kí mi kú oríire. Wọ́n ní, "Kí nìtumọ̀ ẹ̀?"

"Pé ẹnikẹ́ni ò lè yọ mí níbẹ̀ mọ́ ni, mà."

"Pámánẹ́ǹtì náà ni wọ́n pe ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà ẹ ní Tudu, ní Accra níbí, kí ìjọba ibí tó ní kí gbogbo àjèjì kó kúrò nílùú. Ṣọ́ọ̀bù ṣì wà níbẹ̀. Àwa ńkọ́?"

Inú bí mi. Mo ní ayé ìgbà yẹn ti lọ.

Àpótí tí Ìyá Àgbà fi kó ẹrù lọ nígbà tí wọ́n lé wọn, tí wọ́n tún fi kó o padà sí Accra, ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, aṣọ kíká kún inú ẹ̀ bíi ti ẹni tó ń rìnrìn àjò lọ́la.

Nígbà tí wọ́n lọ wẹ̀, mo ṣí àpótí náà. Mo ki aṣọ mi méjì bọ̀ ọ́.