Ààlà Ìjọ Gba Àárín Títì Wa

Wilfred àbúrò mi,

Mo kí gbogbo ilé yín ní Kánádà. Orúnkún ṣì ń dùn mí.

Wọ́n tún ti sún ààlà ìjọ! Láyé bàbá wa, Sẹ́ńtì Hílídà ló ni wá. Wọ́n gbé wa fún Sẹ́ńtì Máàkù, wọ́n tún dá wa padà. Báyìí, ààlà gba àárín títì: Edith, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní òdìkejì, wà nínú Hílídà, èmi wà lóde.

Fíkà, àlùfáà Hílídà, ní, "Màmá, ẹni tó ń gbé àgbègbè wa tàbí tó kú síbẹ̀ nìkan la ń sin sí itẹ́ òkú wa."

Mo ní, "Ọkọ mi tẹ́ ẹ sin síbẹ̀ ńkọ́? Ṣé èmi ni mo ṣí kúrò ni, àbí ẹ̀yin?"

Olúwa á ṣọ́ yín. Tó o bá gbọ́ pé àìsàn dá mi dùbúlẹ̀, má fi òdòdó ránṣẹ́. Kọ̀wé sí Edith kó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀. Ilé ẹ̀ ni mo ti máa kú.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Mabel