Ọṣẹ Màmá, Kànga Bàbá: Ìgbésí Ayé Delphine Àbẹ̀ní Ọláníyan ti Aguidi (1947–2025)

“Kí oṣù kan tó pé, ọkọ̀ wa yóò wá kó àwọn àgbá yìí kúrò lẹ́yìnkùlé Màmá.” Ẹni ńlá kan ni ó sọ ọ̀rọ̀ yìí ní Aguidi, ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 2023, níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, pẹ̀lú ọwọ́ rẹ̀ ní èjìká olóògbé. Ẹbí kò ní dárúkọ rẹ̀. Ìwé Màmá ni èyí.

A bí Màmá ní Aguidi, lábẹ́ Sakété, ní ọdún 1947. Bàbá wọn ni Fẹ̀sọ̀jayé, àgbẹ̀ ọlọ́pẹ tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, tí kò sì kúrò nínú ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀. Ìyá wọn ni Mọ́rìnọ́lá, ọmọ Pobè, aṣeọṣẹ, tí ó mú wọn lọ ṣe ìrìbọmi. Ọdún méjì péré ni Màmá lò ní ilé ẹ̀kọ́ ní Sakété. Wọ́n kọ́ bí a ti ń kọ orúkọ ẹni, wọ́n sì ń kọ ọ́ síbi gbogbo títí wọ́n fi darúgbó, títí kan ara ìkòkò ọṣẹ.

Ọ̀dọ̀ ìyá wọn ni wọ́n ti kọ́ iṣẹ́ tí a fi mọ̀ wọ́n. Wọ́n á sun ìdì tí a ti gé ẹyìn kúrò lára rẹ̀ di eérú, wọ́n á bu omi sí i nínú ìkòkò tí ìdí rẹ̀ lu, omi eérú á sì máa kán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n á fi ìka tọ́ ọ wò lórí ahọ́n. Bí ó bá ta bí ó ṣe yẹ, wọ́n á da àdí sí i, wọ́n á sì máa rò ó títí yóò fi dì. Ẹni tí ó bá dàgbà ní agbègbè wa kò lè gbàgbé òórùn ilé náà nígbà ọyẹ́: èéfín, àdí, àti ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí Màmá fi ń pọ́n ọṣẹ.

Ní ọdún 1966, wọ́n fẹ́ Ládiípọ̀ Ọláníyan, òṣìṣẹ́ ní ọgbà ìwádìí ọ̀pẹ ní Pobè. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Bàbá máa ń gun kẹ̀kẹ́ wálé, tí ìdì ẹyìn á kún ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà. Ní ọdún 1971, Bàbá fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ kànga sí àgbàlá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn méjì ni ó gbà wọ́n. Nígbà tí Bàbá kú ní ọdún 1998, Màmá ní àwọn kò tíì di opó: “Ọkọ mi ṣì ń bu omi fún mi mu.”

Ogójì ọdún ni Màmá fi fọ aṣọ pẹpẹ ìjọ wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Kò sí ọmọ tí a bí ní àdúgbò wọn tí kì í ṣe ọṣẹ wọn ni a kọ́kọ́ fi wẹ̀ ẹ́, nínú omi kànga náà.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2019, ọkọ̀ kan tí ó kó kpayo, epo bẹntiróòlù tí ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn wọlé láti Nàìjíríà, dojú dé níwájú ilé. Awakọ̀ sá lọ. Ilẹ̀ àgbàlá mu epo. Màmá ṣe ohun tí aṣeọṣẹ nìkan lè ṣe: wọ́n kó gbogbo ọṣẹ inú àká jáde, wọ́n pò ó mọ́ omi, wọ́n sì fi ọjọ́ mẹ́ta fọ ilẹ̀. Òórùn lọ. Àdúgbò yìn wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, omi kànga ń rùn bí epo.

Aurélie, ọmọ-ọmọ wọn tí ó ń kọ́ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ní yunifásítì, ni ó sọ ọ́ fún wọn. “Màmá, ọṣẹ kì í pa epo. Ó kàn ń já a kúrò lára iyẹ̀pẹ̀ ni, ó sì ń fà á lé omi lọ́wọ́. Ibi tí omi bá ń lọ ni májèlé ń bá a lọ.”

“Ìwọ tí mo fi ọṣẹ wẹ̀ lọ́jọ́ tí a bí ọ, ìwọ lo wá ń kọ́ mi lọ́ṣẹ?”

“Ẹ jẹ́ ká dán an wò nínú ìgò, Màmá.”

Aurélie bu iyẹ̀pẹ̀ elépo sínú ìgò, ó da omi ọṣẹ sí i, ó mì í. Iyẹ̀pẹ̀ mọ́, omi dúdú. Màmá wò ó pẹ́. “Èmi ni mo gbé e wọ kànga,” ni wọ́n wí. Ní ọmọ ọdún méjìléláàádọ́rin, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn dé ojúlé mọ́kànlá tí ń pọn omi lọ́dọ̀ wọn. “Ẹ má mu omi mi mọ́. Ọwọ́ mi ni.” Wọ́n padà sílé, wọ́n sì fi okùn di ìdérí kànga.

Láti ọdún 2022, Aurélie àti Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ilẹ̀ náà bí ó ti yẹ: wọ́n ń wú iyẹ̀pẹ̀ sínú àgbá, wọ́n ń fi ọṣẹ Màmá fọ̀ ọ́, wọn kò sì jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kan ilẹ̀. Màmá jókòó lórí àpótí, wọ́n ń pàṣẹ: “Ìwọ akọ̀wé, rọra o. Ọṣẹ ni, kì í ṣe ẹ̀kọ lò ń rò.” Ní ọdún kejì, àgbàdo hù níbẹ̀. Kànga ni ó kù: kí a fa omi rẹ̀ tán, kí a fọ ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí a tún fà á. Ṣùgbọ́n àgbá mẹ́rìnlá ti kún fún omi olóró, kò sì sí ibi tí a lè da òmíràn sí àfi kí a kó ìwọ̀nyí lọ. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń fẹ́: kí wọ́n tún mu nínú omi Bàbá kí wọ́n tó kú.

Ìgbà náà ni ẹni ńlá wá. Ó ya àwòrán, ó sọ ọ̀rọ̀ tí a kọ sókè. Ẹbí kọ lẹ́tà mẹ́sàn-án sí i lẹ́yìn náà. Èsì kan ni ó wá: ó ń béèrè bóyá àwòrán ọjọ́ náà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Màmá kò bínú. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá gbọ́ ìró ọkọ̀ ńlá, wọ́n á dìde, wọ́n á tún gèlè wé.

Màmá kú ní ọjọ́ kẹfà oṣù Kọkànlá ọdún 2025, ní ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́rin. Wọ́n fi ọmọ mẹ́ta sáyé: Pacôme ní Porto-Novo, Ọmọlará ní Pobè, Arlette ní Sakété, ọmọ-ọmọ mẹ́sàn-án, tí Aurélie, Martial àti Merveille wà nínú wọn, àti ọmọ àwọn ọmọ-ọmọ méjì. Ọṣẹ tí wọ́n sè gbẹ̀yìn ni a fi wẹ̀ wọ́n. Omi tí a fi wẹ̀ wọ́n, orí alùpùpù ni a ti gbé e wá láti Sakété.

Màmá, ẹ sùn wọ̀ọ̀. Kí omi ibi tí ẹ ń lọ mọ́ gaara, kí Bàbá sì tètè bù ú fún yín.

Àgbá mẹ́rìnlá wà lẹ́yìnkùlé. Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọdé sún mọ́ ibẹ̀. Ọkọ̀ náà kò wá.