Páìpù Tí Kò Ráyè Na Ara

                                                  Ojúlé Kẹrìnlá,
                                                  Òpópónà Ìṣẹ́gun,
                                                  Òkokomáikò,
                                                  Ìpínlẹ̀ Èkó.
                                                  Ọjọ́ Kejìdínlógún, Oṣù Keje, 2024.

Bámikẹ́, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lẹ wà ní Ìlaròó? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé ara wọn le? Orúnkún tó ń dun màmá yín, ṣé ó ti fúyẹ́ díẹ̀? Mo gbọ́ pé òjò kò jẹ́ kí ẹ gbin nǹkan bọ̀rọ̀ lọ́dún yìí. Ọlọ́run yóò bá wa ṣe é. Ní tiwa níbí, a wà láàyè, ṣùgbọ́n n kò lè sọ pé dáadáa la wà.

Mo rí iṣẹ́ tí o rán sí mi. O ní wọ́n sọ fún ọ pé wọ́n fún Ṣàkírát wa ní májèlé jẹ, àti pé bàbá arúgbó kan tó ń ṣe sálẹ́ńsà ní Ìyànà Ìbà mọ̀ nípa ikú rẹ̀. Mo gbìyànjú láti pè ọ́ kí n ṣàlàyé, ẹkún kò jẹ́. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò. Bámikẹ́, kò sí ẹni tó fún un ní májèlé. Èéfín ló pa á.

O kò tíì rí ṣọ́ọ̀bù tuntun tó gbà lẹ́yìn tí o kó lọ. Ẹja yìnyín ló ń tà níbẹ̀. Fírísà kún iwájú, jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sì wà nínú yàrá kékeré lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ náà dé láti Àlàbá, Bàbá Ògúnbíyìí ni wọ́n pè kí wọ́n wá so páìpù èéfín mọ́ ọn. Àwọn ni àwọn awakọ̀ ń gbé mọ́tò wọn lọ bá ní Ìyànà Ìbà bí sálẹ́ńsà bá já. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bàbá kò jó páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì ní tààrà. Wọ́n fi irin kan tí wọ́n hun bí agbọ̀n, tó ń tẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, sáàárín méjèèjì, wọ́n sì fi ìkọ́ gbé páìpù náà rọ̀ sókè. Ibi tó ti gba inú ògiri bọ́ síta, wọ́n jẹ́ kí ihò rẹ̀ fẹ̀ ju páìpù lọ. Ṣàkírát bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò dè é pinpin. Wọ́n ní irin máa ń na ara bó bá gbóná, bí kò bá sì ráyè nà, ibi tí kò ti lágbára jù lọ ni yóò ti ṣẹ́. Ṣàkírát ní bí ọkọ òun ṣe rí gan-an nìyẹn. Gbogbo wa rẹ́rìn-ín.

Dèjì ọkọ rẹ̀ kì í ṣe ènìyàn burúkú, ìwọ náà mọ̀. Ṣùgbọ́n páìpù yẹn ń dún gbọ̀ngbọ̀n, òjò ń gba ihò wọlé, ayálégbé ẹ̀yìnkùlé sì ń fẹjọ́ sùn ṣáá. Nígbà tí irin tó ń tẹ̀ yẹn gbó, Dèjì kò ránṣẹ́ sí Bàbá. Wẹ́dà kan tó rí nítòsí ló pè. Ó ní kó jó páìpù líle kan láti ẹnu ẹ́ńjìnnì dé ara ògiri, kó ri irin mọ́ ògiri láti dì í mú, kó sì fi sìmẹ́ńtì dí ihò náà pa. Ariwo náà lọ sílẹ̀. Ayálégbé wá dúpẹ́. Ṣàkírát pàápàá dúpẹ́.

Bí ẹ́ńjìnnì bá wá gbóná, páìpù á fẹ́ gùn sí i, ògiri kò ní gbà. Bó bá tutù, á fẹ́ súnkì, kò tún sáyè. Díẹ̀díẹ̀ ló ya ní ọrùn, lábẹ́ aṣọ tí wọ́n fi wé e nítorí ooru, kò sì sí ẹni tó rí i pé èéfín ti ń jò sínú ilé.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ń dà ni. Kò sí iná, jẹnẹrétọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Ṣàkírát ti ilẹ̀kùn kí omi má baà wọlé, òun àti Maimunat àbúrò rẹ̀ jókòó, wọ́n ń ṣa ẹja. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn méjèèjì. Ṣàkírát ní ebi ni, ó ní kí Maimunat lọ ra búrẹ́dì wá. Òjò dá Maimunat dúró lọ́nà. Nígbà tó padà, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó forí lé fírísà bí ẹni tó sùn. Èmi ló sáré wá pè. A gbé e jáde sínú òjò, mo ń pè é ní orúkọ tí a máa ń pè é nílé ìwé. Kò dáhùn. Nígbà tí a fi dé ọsibítù, ẹ̀mí ti bọ́.

Kí a tó sin ín tán, ọ̀rọ̀ ti gba ìgboro kan. Àwọn kan ní májèlé wà nínú oúnjẹ ìsọmọlórúkọ kan tó jẹ. Nígbà tí dókítà sọ pé èéfín ni, ẹnìkan rántí pé Bàbá Ògúnbíyìí ló so páìpù. Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò lọ bá wọn ní Ìyànà Ìbà, wọ́n fọ́ irinṣẹ́ wọn, wọ́n sì na àgbàlagbà títí ọwọ́ Bàbá fi wú. Bámikẹ́, Dèjì gbọ́, ó sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ àdúrà fídáù, Bàbá fẹsẹ̀ ara wọn wá. Àwọn ọkùnrin kan dìde sí wọn. Ìyá Ṣàkírát ní kí wọ́n jẹ́ kí Bàbá wọlé. Bàbá kí wọn kú ọ̀fọ̀, wọ́n sì tọrọ àyè láti wo páìpù náà. A tẹ̀ lé wọn wọ yàrá ẹ̀yìn. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya aṣọ ara páìpù, a rí ibi tó ti là, ògiri ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Wọ́n fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì náà, wọ́n ní:

"Ta ló dí ihò yìí?"

Dèjì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Èmi ni mo ní kí wọ́n dí i. Èmi ni mo ní kí wọ́n jó gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bàbá kò mọ̀ sí i."

Mo rò pé ìyá Ṣàkírát yóò ké. Wọn kò ké. Ohùn wọn kò tilẹ̀ ga.

"O mọ̀, o wá jẹ́ kí wọ́n na ẹni tó tó bí ọ lọ́mọ?"

Ìyá Ṣàkírát kúnlẹ̀ fún Bàbá Ògúnbíyìí, wọ́n ń bẹ̀ wọ́n. Bàbá fa wọ́n dìde, omi sì ń bọ́ lójú àwọn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni ìyá pọn ọmọ Ṣàkírát, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ní Ìbà ni yóò máa gbé. Dèjì sìn wọ́n dé ẹ̀bá títì, ó mú bàtà ọmọ náà lọ́wọ́. Wọ́n gba bàtà. Wọn kò wo ojú rẹ̀.

Ikú tó ń pa ojúgbà ẹni, òwe ló ń pa fún ni. Jọ̀wọ́, wo jẹnẹrétọ̀ ilé yín. Bí wọ́n bá ti fi sìmẹ́ńtì di páìpù mọ́ ògiri, ẹ má tàn án títí ẹni tó mọ̀ ọ́n yóò fi dé. Bí o bá sì tún gbọ́ ẹni tó ń ba Bàbá yẹn lórúkọ jẹ́, bá mi sọ òótọ́ fún un.

Bá mi kí màmá àti bàbá àwọn ọmọ. Maimunat ní kí n kí ọ. Orí ṣì ń fọ́ òun náà.

Èmi ni tìrẹ, ẹnì kan tó kù fún ọ nínú àwa mẹ́ta tí a jọ kàwé,

Ọláídé