Owó Tí Mo San Lórí Ìwé Ikú Yín

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ará ọ̀run, nítorí náà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èrúwà ni mo ti ń kọ lẹ́tà yìí, kì í ṣe Igbó-Ọrà. Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Èmi àti Ìyanu wà láàyè, a jẹun láàárọ̀, ibà tó ń ṣe é sì ti lọ. Ṣùgbọ́n a ò sí nílé Bàbá Ìyanu mọ́. Láti ìgbà tí a ti débí ni mo ti ń wá ẹni tí màá ròyìn rẹ̀ fún. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, ẹ̀yin náà ni mo tún rí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe máa ń wúkọ́ kí ẹ tó dé ilé wa? Láti ìdí igi máńgòrò ni ẹ ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ kì í wúkọ́ lóko, ẹ kì í wúkọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, àfi tó bá ku díẹ̀ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ yín. Mo máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé ikọ́ yín mọ àdúgbò. Bàbá Ìyanu á ti gbọ́, á sáré wọ ṣẹ́ẹ̀tì, á yí rédíò sílẹ̀, á jáde wá dọ̀bálẹ̀. Ẹ ò ní wọ yàrá. Ìta lẹ ó jókòó sí lórí àpótí, ẹ ó gbé iṣu kalẹ̀, ẹ ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ra ewúrẹ́, ẹ ó mu omi, ẹ ó gun ọ̀kadà yín padà sí Lanlate. Mo rò pé iṣu lẹ ń gbé wá. Àṣé ara mi lẹ ń wá yẹ̀ wò.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa, nígbà tí wọ́n ní kí ẹ súre, ẹ ò súre gígùn. Ẹ di ọwọ́ Bàbá Ìyanu mú níwájú ẹbí méjèèjì, ẹ sọ fún un pé bí mo bá ṣẹ̀ ẹ́, kó má gbé ọwọ́ sókè sí mi o, kó dá mi padà fún yín bó ṣe gbà mí. Gbogbo baba ìyàwó ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí oúnjẹ wà. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ni gbogbo ilé mi dúró lé.

Bàbá, iyẹ̀pẹ̀ orí sàréè yín ò tíì gbẹ tán nígbà tó kọ́kọ́ gbá mi létí. Nítorí gáàsì tó tán ni. Ó bẹ̀bẹ̀, ó lọ ra búrẹ́dì gbígbóná, mo sì jẹ ẹ́. Mo ní bóyá ọ̀fọ̀ yín ló ń da òun náà láàmú, torí ó fẹ́ràn yín. Nígbà tó tún ṣe é, kò ra búrẹ́dì mọ́. Lọ́jọ́ tó wá tì mí lu maṣíìnì ìránṣọ mi tí ojú mi fi wú, mo di aṣọ mọ́ra, mo ní mò ń lọ sílé bàbá mi. Kò dìde lórí àga. Ó ń ta eyín, ó wò mí, ó ní:

"Bàbá rẹ tó ní kí n dá ẹ padà, ibo ni kí n wá dá ẹ padà sí báyìí?"

Ọ̀rọ̀ tí ẹ fi dáàbò bò mí, òun gan-an ló fi bú mi, èyí tó sì dùn mí jù níbẹ̀ ni pé òótọ́ ló sọ. Màámi ti ṣáájú yín lọ tipẹ́. Káyọ̀dé, ọmọ yín ọkùnrin, wà ní yàrá kan ṣoṣo n'Íbàdàn pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ilé yín ní Lanlate, Bàbá Ṣadé, àbúrò yín, ló wà níbẹ̀ báyìí. Mo lọ bá wọn. Wọ́n fún mi lẹ́bà, wọ́n fún mi ní ìmọ̀ràn. Wọ́n ní ilé ọkọ, ilé ẹ̀kọ́ ni, kí n máa rọra sọ̀rọ̀, pé ta ni kì í bínú? Lẹ́yìn náà wọ́n pe ọlọ́kadà, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn sanwó rẹ̀ kó lè gbé mi padà kíákíá. Bàbá Ṣadé tí ẹ mọ̀, tí kì í sanwó ọkọ̀ fún ẹnikẹ́ni!

Mo padà. Kí ni ǹ bá ṣe?

Ìwé ikú yín ló gbé mi dé Èrúwà. Káyọ̀dé pè mí pé báńkì ní àwọn ò lè fọwọ́ kan owó tí ẹ fi pamọ́ láìrí ìwé ẹ̀rí pé ẹ ti kú. Bí ẹni pé ẹ̀yin lẹ fara pamọ́. Èmi ni mo sún mọ́ tòsí, nítorí náà mo fi awò dúdú bojú mi tó wú, mo fi ìborùn bò ó, mo wọkọ̀ lọ sí ọ́fíìsì kánsù. Ọ́fíìsì kan náà ni wọ́n ti ń gba ìwé ọmọ tuntun, ti ìgbéyàwó àti ti òkú, gbogbo wa sì jókòó pọ̀ lórí bẹ́ǹṣì: ìyá ọmọ ń fọ́mọ lọ́mú, ìyàwó tuntun wọ bàtà gogoro, èmi sì di orúkọ yín mọ́wọ́.

Màmá Títí ni orúkọ obìnrin tó ń gbowó níbẹ̀. Iye tí wọ́n ní kí n san ju èyí tí Káyọ̀dé fi ránṣẹ́ lọ. Wọ́n ní kánsù ti ṣòfin pé ẹnikẹ́ni tó bá gba ìwé, ì báà jẹ́ ti ìbí, ti ìyàwó tàbí ti òkú, á fi nǹkan díẹ̀ lé e. Owó yẹn ni wọ́n fi ń gba ilé fún obìnrin tí wọ́n bá lù jáde nílé rẹ̀. Òun náà ni wọ́n fi ń rán àwọn èèyàn lọ bá àwọn ọkùnrin sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́ṣáláṣí, ní ìpàdé àwọn ọlọ́kadà, kí ọwọ́ tó kan ojú ẹnikẹ́ni. Mo ń wo ilẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣàlàyé. Mo rò pé wọ́n ti rí mi lábẹ́ awò.

Ìyá ìyàwó tuntun yẹn ló fò dìde. Ọmọ òun ń lọ sílé ọkọ, wọ́n ní kó wá san owó lílù? Ó ta ìka yí orí ọmọ rẹ̀ ká, ó ní kò ní í ṣe é, kò ní í rí i, pé ẹni tó ra pósí sílẹ̀ ló ń pe ikú. Gbogbo bẹ́ǹṣì ní òótọ́ ni. Ìyá ọlọ́mọ náà ní òótọ́ ni. Bàbá, ẹ bá mi rẹ́rìn-ín, èmi náà mi orí, tèmi tojú wíwú. Ọkọ ìyàwó ń wo fèrèsé bí ẹni tí wọn ò pè síbẹ̀.

Baba ìyàwó ò tíì sọ nǹkan kan láti àárọ̀. Bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni wọ́n, bàtà rọ́bà tí wọ́n fi ń lọ oko ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Wọ́n dìde, wọ́n fa owó yọ lápò, wọ́n kà á sórí tábìlì pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọn ò wo ọkọ ìyàwó, wọn ò wo ìyàwó wọn. Wọ́n ní:

"Èmi náà á kú lọ́jọ́ kan. Ẹ gbà á."

Ìyá ìyàwó jókòó. Ìgbà yẹn ni ẹkún gbé mi, Bàbá, ẹkún tí mi ò sun lọ́jọ́ tí a sin yín. Àwọn èèyàn rò pé òkú mi ló sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn, wọ́n ní kí Ọlọ́run tẹ́ bàbá sí afẹ́fẹ́ rere. Mo ń ṣe àmín. Mo san owó tiyín, Màmá Títí sì pè mí wọ yàrá inú, wọ́n ní kí n yọ awò ojú mi. Mo yọ ọ́. Wọn ò bi mí pé ta ló ṣe é. Wọ́n kàn bi mí bóyá mo ní ọmọ, wọ́n sì ní kí n lọ mú un wá.

Bí a ṣe débí nìyẹn. Mo gba Ìyanu ní iléèwé kí bàbá rẹ̀ tó ti ibi iṣẹ́ dé, mo kó aṣọ wa sínú báàgì kan. Maṣíìnì mi ṣì wà lọ́hùn-ún. Ilé tí kánsù gbà náà ò tóbi, ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń lọ gbágùúdá ló wà, òórùn rẹ̀ ti wọ gbogbo aṣọ mi. Àwọn kan nígboro ní kánsù ló ń kó owó náà jẹ. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣé mo mọ̀? Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n jẹ kù ló ra bẹ́ẹ̀dì tí à ń sùn lé. Ẹnì kan á bímọ, ẹnì kan á gbéyàwó, ẹnì kan á sin òkú, àwa á sì rí ọṣẹ fọ aṣọ.

Obìnrin kan wà níbí nígbà tí a dé. Ó ti lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìsẹ́yìn. Ó wá ku èmi àti Ìyanu. Bí mo bá lọ pọn omi, àwọn obìnrin á rẹ ohùn wọn sílẹ̀, wọ́n á yà fún mi kí n kọ́kọ́ pọn. Ó yẹ kí inú mi dùn, àmọ́ ǹ bá fẹ́ kí wọ́n bá mi du ẹnu ẹ̀rọ bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn du ú. Kò sí ẹni tó ń fi oríkì pè mí láàárọ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń ṣàárò Bàbá Ìyanu pàápàá, ẹ má bínú sí mi. Ó máa ń bó ọsàn fún mi láìjẹ́ kí èèpo já.

Lọ́jọ́ Sátidé, Bàbá Ìyanu wá láti mú mi padà. Àwọn tí kánsù rán ti lọ bá a ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì rẹ̀, wọ́n sì ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tó gún régé. Ó kó àwọn àgbà ilé wọn wá. Bàbá Ṣadé náà wá, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ ẹbí ọkọ mi ni wọ́n ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀gbẹ́ tiwọn ni wọ́n sì jókòó sí. Ẹ̀gbẹ́ tèmi, èmi nìkan ni, àti Ìyanu lórí itan mi. Bàbá Ìyanu dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó sunkún. Mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, ẹkún gidi ló sun. Ó ní iṣẹ́ èṣù ni, òun ò ní í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́ láé. Kó tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá Ṣadé ti dìde, wọ́n ní àwọn bàbá mi ti gbà, àwọn ti dárí jì í, kí n lọ kó ẹrù.

Màmá Títí, tí wọ́n jókòó láàárín wa, ní kì í ṣe Bàbá Ṣadé ni àwọn bi, èmi ni.

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá, ẹ mọ̀ pé èmi ò sọ̀rọ̀ níwájú àgbà rí láyé mi. Ẹ̀yin lẹ máa ń bá mi sọ ọ́. Ìyanu gbójú sókè wò mí. Mo wo Bàbá Ìyanu nílẹ̀ níbẹ̀, àánú rẹ̀ ṣe mí, mo sì mọ̀ pé bí mo bá lọ pẹ̀lú àánú yẹn, òun náà ni yóò pa mí. Mo ní:

"Mi ò lọ."

Àwọn ará ilé wọn kàn dìde, wọ́n kọrí sí ọkọ̀. Bàbá Ṣadé ló dúró lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní mo ti dójú tì yín nínú sàréè, pé kí n má tún fi ẹsẹ̀ tẹ Lanlate. Nígbà tí ọkọ̀ wọn ń lọ, Ìyanu sá tẹ̀lé bàbá rẹ̀, mo sì sáré dì í mú. Ó bù mí jẹ lápá. Mi ò fi í sílẹ̀, mo jẹ́ kó bù mí jẹ títí ọkọ̀ fi kọjá. Láti ọjọ́ náà kò tíì bá mi sọ ju 'ebi ń pa mí' lọ.

Ọ̀rọ̀ Bàbá Ṣadé ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Ṣé lóòótọ́ ni mo dójú tì yín? Àbúrò yín ni wọ́n, ẹ jọ mu ọmú kan náà ni, wọ́n lè mọ̀ yín jù mí lọ. Ní ọ̀sán, bí mo bá ń gbálẹ̀, tí mò ń se oúnjẹ Ìyanu, mi ò gbà wọ́n gbọ́ rárá. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbà wọ́n gbọ́. Ẹ̀yin nìkan ló lè sọ ọ́, ẹ ò sì lè sọ ọ́ mọ́, àfi kí n máa gbé e lọ bẹ́ẹ̀.

Bó ti wù kó rí, ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ máà sọ ti apá tí ọmọ bù jẹ fún wọn.

Èmi ni,
ọmọ yín obìnrin, tó fẹ́ràn yín, tí kò sì padà síbẹ̀.