Iná Méjì Iwájú Mọ́tò

Ọjọ́bọ̀, oṣù Kejìlá, 1991

Màámi ti lọ.

Òwúrọ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ láti Imoru, ìlú rẹ̀, pé àìsàn rẹ̀ ti le, kí a wá gbé e wá sí ọsibítù l'Ọ́wọ̀. Mọ́tò kò sítáàtì. A tì í títí, òfo.

Riwáyà, oníná mọ́tò tí a pè, tú aṣọ tí mo rán bo iná ńlá méjì tí ọkọ mi, Bàbá Dọlápọ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ so síwájú mọ́tò, kí òkúta má baà fọ́ wọn. Iná ti jó inú aṣọ náà dúdú.

"Ọ̀gá, ẹ ò paná yìí lánàá, ó ti fa bátìrì tán! Ẹ so ó mọ́ bátìrì tààrà, kò gba ibi kọ́kọ́rọ́. Ẹ tún wá wọṣọ fún un bí ọmọ tuntun. Ta ni yóò rí i?"

Nítorí Màámi ni ọkọ mi ṣe ra iná ọ̀hún, bó bá di pé ká gbé e lóru.

Nígbà tí a fi yá bátìrì dé Imoru, wọ́n ti tẹ́ ẹ. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì gbóná díẹ̀. Bóyá ká ní n ò rán aṣọ yẹn...

Ìrọ̀lẹ́ la padà sílé wá mú Dọlápọ̀, ọmọ wa. Ọyẹ́ bo ọ̀nà. Bàbá rẹ̀ tan iná méjèèjì, ọ̀nà sì mọ́ kedere títí dé Ọ̀wọ̀. Àyè Màámi ṣófo lórí ìjókòó ẹ̀yìn.