Ìwé Òfìfo Tí Mo Fọwọ́ Sí

Bàbá mi àtàtà, ọkọ Màmá mi,

N ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà níbi tí ẹ wà, ẹ jẹ́ kí n ṣáà kúnlẹ̀. Láti kóòtù ni mo ti ń bọ̀ yìí, n ò tíì bọ́ aṣọ. Màmá rò pé orí ló ń fọ́ mi, wọ́n sì fi mí sílẹ̀ nínú yàrá. Orí kọ́ o, Bàbá. Mo ti ṣe ohun tí n ò lè sọ létí ẹni tó wà láàyè.

Lọ́jọ́ ìbò, ẹ̀yin lẹ máa ń kẹ́yìn délé ní gbogbo Ṣàngótẹ̀dó. Àwọn èèyàn á ti dìbò tán, wọ́n á ti lọ jẹun, ẹ̀yin á dúró gbagidi sídìí àpótí, ẹ ó máa bá wọn kà á sókè títí ohùn yín á fi há. Ẹ ò kàwé, àmọ́ ẹ mọ fígọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá lẹ èsì mọ́ ògiri, tí ẹ fi ìka tẹ̀ lé e látòkè délẹ̀, lẹ tó ń bọ̀ wálé. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ ṣe ń ṣe níbi iṣẹ́ bíríkìlà yín ní Abraham Adésànyà. Típà tó bá gbé yanrìn wá, ẹ ó gùn ún wò kí ẹ tó tẹ̀ka síwèé ẹ̀. Àwọn awakọ̀ a máa bú yín. Èmi náà máa ń fi yín rẹ́rìn-ín, èmi ọ̀mọ̀wé yunifásítì.

Èmi yìí ni pátì wa fi ṣe ẹ́jẹ́ńtì ní ibùdó ìdìbò àdúgbò wa nínú ìbò aṣòfin tó kọjá. Òjò ti ṣú. Bàbá Ráfíù, ọ̀rẹ́ yín, tí wọ́n jẹ́ olórí pátì wa ní wọ́ọ̀dù, gbé ìwé èsì wá bá mi. Ẹnikẹ́ni ò tíì kọ nǹkan kan sí i. Wọ́n ní kí n fọwọ́ sí i sílẹ̀ kí òjò má baà ká wa mọ́ ibẹ̀, pé wọ́n á kọ iye sí i tí a bá kà á tán. Bàbá Ráfíù o! Ẹni tó wẹ̀ yín, tó dì yín láṣọ funfun, tó sọ̀ kalẹ̀ sínú sàréè gbé yín tẹ́. Ẹnu wo ni ǹ bá fi sọ fún wọn pé n ò fọkàn tán wọn? Mo kúnlẹ̀ gba bírò. Mo tiẹ̀ ní ẹ ṣé, sà.

A kà á lójú gbogbo èèyàn, a wọlé, àdúgbò hó. Àfi bí òjò ṣe dé. Kálukú sá, èmi náà sá, a ò lẹ nǹkan kan mọ́ ògiri. Nígbà tí èsì fi máa dé ibi tí wọ́n ti ń ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, iye mìíràn ni Bàbá Ráfíù ti kọ sínú ìwé yẹn, àwa la fìdí rẹmi, orúkọ mi sì wà nísàlẹ̀ ẹ̀ gbàgàdà. Wọ́n ní ìbò àdúgbò wa gan-an ló gbé ẹlòmíì wọlé. Ìwé kan ṣoṣo, Bàbá.

Pátì gbé ẹjọ́ lọ. Lọ́yà wa ní kí n ṣáà sọ pé òfìfo ni ìwé yẹn nígbà tí mo fọwọ́ sí i, kí n sì sọ ẹni tó gbé e wá. Lánàá ni Bàbá Ráfíù wá sílé. Àgbàlagbà yẹn dọ̀bálẹ̀ fún mi! “Ẹ̀wọ̀n ni wọ́n máa gbé mi lọ, ọmọ mi. Ibẹ̀ ni màá kú sí.” Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n fi ta ìbò wa fún ẹlòmíì. Wọ́n kàn ń sunkún ni.

Lónìí, wọ́n fi Kùránì lé mi lọ́wọ́. Lọ́yà bi mí. Mo mọ ohun tó yẹ kí n sọ. Ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé ìwé náà kún, pé mo rí gbogbo ẹ̀ kí n tó fọwọ́ sí i. Yéè, Bàbá mi! Ẹyin lohùn, ó ti bọ́, ó ti fọ́.

Ṣé ẹ̀yin ì bá ti sọ òtítọ́? Ṣé ẹ̀yin ì bá ti kó ẹni tó sin yín sẹ́wọ̀n nítorí ìbò? Ẹ kọ́ mi pé kéèyàn má gbàgbé oore, ẹ kọ́ mi pé kéèyàn má purọ́. Èwo ni kí n mú nígbà tí méjèèjì pàdé lójú kan? Ẹ dá mi lóhùn, ẹ jọ̀ọ́. Láti Igbó Ẹfọ̀n títí dé ilé ni mo ti ń sunkún nínú ọkọ̀, n ò sì bìkítà fún ẹni tó ń wò mí.

Mo sọ̀ kalẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà àdúgbò wa, àwọn èèyàn ti ń dúró dè mí. Ìyá Sùlíyà tó ń ta búrẹ́dì ló ṣáájú wọn, ẹni tó fi ẹsẹ̀ wíwú tò sínú oòrùn kó lè dìbò. Wọn ò sí ní kóòtù. Wọ́n ti gbà pé ọmọ yín ò lè sọ nǹkan mìíràn ju òtítọ́ lọ. Wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n ní bí mo ṣe gba àdúgbò sílẹ̀, Ọlọ́run á gba èmi náà sílẹ̀. Gbogbo wọn ń ṣàdúrà. Mo ń ṣe àmín, Bàbá. Mo ń ṣe àmín kíkankíkan.

Èmi ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń bẹ̀ yín kí ẹ má kọ òun lọ́mọ.